Bí ilé-ẹ̀kọ́ bàálù kékeré ṣe ń tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́: láti ìpè àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ láísẹ́ńsì

Láti ìgbà tí pápákọ̀ òfurufú Gateway ti dúró sáàárín Ìpẹru àti Ilíṣàn, ọ̀rọ̀ bàálù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará Èkó nìkan mọ́. Òbí ń béèrè iye tó máa ná òun kí ọmọ tó di awakọ̀ bàálù. Oníṣòwò tí ọmọ rẹ̀ ti tójú bọ́ ń béèrè bóyá òun náà ṣì lè kọ́ ọ. A kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ń gbèrò láti dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú: bàálù kan tàbí méjì, olùkọ́ mẹ́ta, akọ̀wé kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ ohun tó tọ́ sí i náà lè kà á.

Ogbó bàálù kọ́ ló sábà ń lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Cessna tó ti lo 40 ọdún, tí wọ́n ń tọ́jú bó ṣe yẹ, ṣì ń kọ́ni dáadáa. Ohun tó ń lé e lọ ni owó tí kò yé e, ìdúró wákàtí mẹ́ta láìmọ ìdí, àti olùkọ́ tuntun tó ń bi í pé, "Níbo lẹ bá a dé?" Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí dá lé: kí ẹ ti sọ òtítọ́ nípa àkókò àti owó kí akẹ́kọ̀ọ́ tó béèrè.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ìwé àṣẹ lára ògiri

NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, ló ń fún ilé-ẹ̀kọ́ bàálù láṣẹ. Apá 3 nínú Nig.CARs, ìwé òfin ìrìnnà òfurufú Nàìjíríà, ló sì sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ìwé àṣẹ náà máa ń dárúkọ ẹ̀kọ́ tí ẹ lè kọ́ni. Ẹ gbé e kọ́ síbi tí àlejò ti máa rí i kó tó jókòó. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ PPL, ìyẹn láísẹ́ńsì awakọ̀ aládàáni, nìkan ni àṣẹ yín dé, ẹ má gba owó CPL, láísẹ́ńsì ẹni tó fẹ́ fi bàálù ṣiṣẹ́ jẹun, lórí pé "àṣẹ yẹn ń bọ̀ lọ́nà." Wákàtí tí èèyàn fò lábẹ́ àṣẹ tí kò tíì jáde lè di wákàtí tí wọn kò ní kà fún un, owó rẹ̀ sì ti lọ. Ẹ má ṣèlérí iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ bàálù kò bá yín mulẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹni tó ń gbé fóònù

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré, olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀, tí ariwo ẹ́ńjìnnì ṣì wà létí rẹ̀, ló sábà ń gbé fóònù. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan, ẹ fún un ní nọ́ńbà tó jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, kó sì ní ìwé kan tó máa ń kọ nǹkan márùn-ún sí: orúkọ, ọjọ́ orí, ìdí tí onítọ̀hún fi fẹ́ kọ́ ọ, ìlú tí yóò ti máa wá, àti ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀. Ìpè tí ẹ kò rí gbé, ẹ pè é padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ìbéèrè tí wọ́n máa bi yín jù ni, "Oṣù mélòó? Èló?" Ẹ má fi "ó sinmi lórí akẹ́kọ̀ọ́" bo ojú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ìlànà ICAO, àjọ ìrìnnà òfurufú lágbàáyé, là sílẹ̀. Fún PPL, èèyàn gbọ́dọ̀ pé ọdún 17, kó sì fò fún 40 wákàtí ó kéré tán, tàbí 35 bó bá jẹ́ lábẹ́ ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Nínú rẹ̀, wákàtí 10 gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó dá fò, kí ìrìn kan sì wà tó tó 270 kìlómítà, tí yóò balẹ̀ ní pápákọ̀ méjì míì kó tó padà. Ẹni tó gbéra ní Rẹ́mọ, tó balẹ̀ ní Àkúrẹ́, tó tún balẹ̀ ní Ìbàdàn kó tó wálé, ti kọjá iye yẹn dáadáa. Fún CPL, ọdún 18 ni, wákàtí sì jẹ́ 200, tàbí 150 lábẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ òtítọ́ tó kù: ẹnu ọ̀nà ni 40, kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń parí sí. Ẹ ní kí oníbàárà ṣètò owó fún 60. Ìdí rẹ̀ kò le yé. Ẹni tó ń fò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ máa ń fi ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan rántí ohun tó kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí òjò bá tún gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń sún mọ́ 45. Bí owó oníbàárà kò bá tíì tó èyí tó máa fi fò léraléra, ìmọ̀ràn tó dáa jù tí ẹ lè fún un ni pé kó lọ kó owó jọ fún oṣù mẹ́fà sí i kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè pàdánù owó oṣù yẹn, ṣùgbọ́n kò ní já ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lágbedeméjì, kó sì máa ròyìn yín káàkiri Ṣágámù.

Kí ó tó san owó ẹ̀kọ́ kankan, kó kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ìlera lọ́dọ̀ dókítà tí NCAA fọwọ́ sí. Class 2 tó fún PPL, Class 1 ni ti CPL. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́, kó ṣe Class 1 láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbànújẹ́ ńlá ni kí èèyàn ná owó wákàtí 60 tán kó tó gbọ́ pé ojú òun kò lè ya àwọ̀ sọ́tọ̀ bó ṣe yẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé iye owó, àti aago Hobbs

Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan ṣoṣo, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀: bàálù fún wákàtí kan (kí ó hàn bóyá epo wà nínú rẹ̀), olùkọ́ lófurufú, olùkọ́ nílẹ̀, owó ìbalẹ̀ ní pápákọ̀, ìwé àti àwòrán ilẹ̀, headset (agbọ́hùn etí), àyẹ̀wò ìlera, ìdánwò akọsílẹ̀, àti owó olùdánwò ọjọ́ ìkẹyìn pẹ̀lú bàálù tí wọ́n máa lò lọ́jọ́ náà. Ìlà tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń gbàgbé, ó sì máa ń dé bá akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí àpò rẹ̀ ti gbẹ. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra epo Avgas àti ẹ̀yà ara bàálù wọ̀lú, nítorí náà iye náírà yín kò lè dúró lójú kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí iye náà máa dópin sísàlẹ̀ ìwé, ó lè jẹ́ 30 ọjọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ kedere bóyá wákàtí tí èèyàn ti san sílẹ̀ máa dúró ní iye àtijọ́. A gbà pé kó dúró.

Ẹ má gba owó tó ju wákàtí 10 lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi í sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ san tí kò tíì fò dà bí owó tó wà lọ́wọ́ alájọ: ẹni tó ń kó o jọ kọ́ ló ni ín. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń wó ni pé wọ́n á fi owó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tún ẹ́ńjìnnì ṣe, wọ́n á wá máa wá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí owó rẹ̀ máa gbé àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ sófurufú. Lọ́jọ́ tí ẹni tuntun kò bá dé, gbogbo rẹ̀ á hàn síta.

Ní ti wákàtí fúnra rẹ̀, ibí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù lọ. Aago méjì ló sábà máa ń wà nínú bàálù. Hobbs ń ka àkókò tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù, agbára títì ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì ló ń tan án. Tach ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sí, nítorí náà ó ń falẹ̀ nígbà tí bàálù bá ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀. Ìdá mẹ́wàá wákàtí ni àwọn méjèèjì fi ń kà: 0.1 jẹ́ ìṣẹ́jú 6. Bí Hobbs bá bẹ̀rẹ̀ ní 2341.6 tó sì parí ní 2342.9, wákàtí 1.3 ni, ìyẹn ìṣẹ́jú 78. Kì í ṣe wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 30. Ẹ kọ́ akọ̀wé yín ní ìṣirò yìí dáadáa, nítorí ẹni tó bá ka .3 sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti gba owó ìṣẹ́jú 12 tí kò tọ́ sí yín.

Ẹ lè fi Hobbs gba owó, ẹ lè fi Tach gbà á, ohunkóhun tí ẹ bá yàn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iye owó. Kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ ka nọ́ńbà náà sókè kí ẹ́ńjìnnì tó tan, kí wọ́n sì jọ kà á lẹ́yìn tó bá kú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ bó bá fẹ́. Ẹ tún sọ fún un pé wákàtí tó máa wọnú logbook rẹ̀, ìwé tí awakọ̀ ń kọ ìfò rẹ̀ sí, lè dín sí ti Hobbs díẹ̀: ìgbà tí bàálù kọ́kọ́ yí táyà láti lọ gbéra títí tó fi dúró pátápátá ni wọ́n ń kà síbẹ̀, ìdúró tí ẹ fi ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì kò sí nínú rẹ̀. Bí 1.3 bá wà lórí rìsíìtì, tí 1.2 sì wà nínú logbook, tí ẹnikẹ́ni kò ti ṣàlàyé fún un, ó máa rò pé ẹ jí ìṣẹ́jú mẹ́fà òun. Ìjẹ̀bú kì í fi ìṣirò owó ṣeré, kò sì yẹ kó ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìfò àkọ́kọ́ tí àlejò fi ń dán an wò

Ìṣẹ́jú 20 fún àlàyé nílẹ̀, ìṣẹ́jú 30 lófurufú, ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sì fi ọjọ́ yìí hàn án bí olùkọ́ ṣe lè yí bàálù bìrí. Ẹni tó bá bì nínú ìfò àkọ́kọ́ kì í sábà padà wá. Ẹ fi àpò èébì síbi tí ọwọ́ rẹ̀ máa tó, ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́ sí i lójú, ẹ ní kó máa wo òkèèrè.

Ìwọ̀n ara ni ọ̀rọ̀ tó nira jù lọ́jọ́ yìí, nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n béèrè ìwọ̀n òun lójú èrò. Kò sì ṣeé fò láìbéèrè. Ẹ wo Cessna 152: gbogbo ìwọ̀n tó lè gbé kúrò nílẹ̀ jẹ́ 757 kílò. Bí òfìfo bàálù yín bá jẹ́ 510 kílò (ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé rẹ̀), táǹkì kíkún sì tó kílò 67, ohun tó kù fún èèyàn méjì jẹ́ 180. Olùkọ́ kílò 90 àti àlejò kílò 90 ti gbà á tán. Báàgì pàápàá kò sí àyè fún. Bí àlejò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, epo ni kí ẹ dín, tàbí kí ẹ fi Cessna 172 gbé e. Ẹ ra òṣùwọ̀n kan, ẹ gbé e sínú yàrá tó ní ilẹ̀kùn, kí àlejò dá wọ̀n ara rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà náà sórí bébà kékeré, kó fún olùkọ́ nìkan. Ẹ má díwọ̀n rẹ̀ lójú. Àwọn tó sanra máa ń dín in, olùkọ́ tí ojú ń tì náà á gbà á bẹ́ẹ̀, bàálù á wá jẹ ojú ọ̀nà gígùn kó tó gbéra, pàápàá ní ọ̀sán gbígbóná oṣù kẹta.

Àwọn ẹbí máa ń tẹ̀ lé e wá lọ́jọ́ yìí, wọ́n á sì fẹ́ ya fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á, ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ yín kan dúró tì wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má gba iwájú bàálù kọjá, bí ẹ́ńjìnnì bá kú tàbí kò kú. Ẹ̀yìn apá ni ọ̀nà wà. Abẹ̀bẹ̀ iwájú tó ń yí kì í hàn sójú, èyí tó dúró náà sì lè yí lójijì bí wáyà iná ẹ́ńjìnnì bá ní àbùkù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àkókò

Àlàfo akẹ́kọ̀ọ́ kan gbọ́dọ̀ tó wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15: àlàyé ìṣẹ́jú 30, ìfò bíi 70, àtúnyẹ̀wò 20, ìṣẹ́jú 15 fún epo àti ìmọ́tótó. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fi wákàtí kan ààbọ̀ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ti pẹ́ wákàtí méjì kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, ẹni tó kẹ́yìn ni gbogbo rẹ̀ máa wó lé lórí.

Ẹ sọ àkókò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní aago Nàìjíríà. Àkókò UTC, aago àgbáyé, ni ìwé ojú ọjọ́ àti tówà (àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀) ń lò, ó sì fi wákàtí kan sẹ́yìn tiwa: 0700 UTC, aago mẹ́jọ àárọ̀ nílé. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó rí 0700 nínú ìtẹ̀jáde yín lórí WhatsApp á fi wákàtí kan ṣáájú yín dé, inú rẹ̀ kò ní dùn.

Ìwé ojú ọjọ́ láti NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ sì fi ìpinnu ránṣẹ́ kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù: a ń fò, a kò fò, tàbí a máa tún wò ó ní aago báyìí. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó ní láti mọ̀ kó tó kó sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ. Ẹni tó ń bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjẹ̀bú-Òde náà ní owó ọkọ̀ tó fẹ́ san. Fún ìfò tí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ ríran, ojú gbọ́dọ̀ rí kìlómítà 5 ó kéré tán, kí bàálù sì jìnnà sí àwọsánmà ní 1,500 mítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti 1,000 ẹsẹ̀ lókè tàbí nísàlẹ̀. Eruku ọyẹ́ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì lè mú ìríran wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ mélòó kan léra. Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ìjì àti àrá máa ń gbára jọ ní ọ̀sán lọ sí ìrọ̀lẹ́, nítorí náà àárọ̀ ló dáa. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ó yí padà: àwọsánmà tó rẹlẹ̀ máa ń bo ilẹ̀ wa láti òru, ó sì lè má ṣí títí aago mọ́kànlá. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fi gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sí aago méje lóṣù kẹjọ kàn ń pè wọ́n wá jókòó ni.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà ìlú pẹ̀lú. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ẹ má retí ará Ìjẹ̀bú-Òde kankan. Bí ìlú bá kéde Orò, akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin tí kò lè jáde kò gbọ́dọ̀ san owó ìfagilé.

Owó ìfagilé fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà méjèèjì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fagi lé e nígbà tó ku wákàtí tí kò tó 24, láìsí àìsàn, kó san owó olùkọ́ fún wákàtí kan. Bó bá jẹ́ ojú ọjọ́ tàbí bàálù, kò san nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pẹ́ ju ìṣẹ́jú 30 lọ, ẹ fún un ní ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ìdajì wákàtí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ máa rí i pé olùkọ́ yín á yára kọ́ bí wọ́n ṣe ń dé lásìkò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọ̀wọ̀, àti ẹni tó ni àṣẹ nínú bàálù

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì láàárín wa ju bó ṣe ṣe pàtàkì níbòmíì lọ. Olùkọ́ ọmọ ọdún 26 lè máa kọ́ Alhaji ẹni ọdún 54. Nílẹ̀, kò sí àríyànjiyàn: ìkíni, "ẹ", "sà", kó dìde kí i. Nínú bàálù, olùkọ́ ní láti gba ọwọ́ ìdarí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsí ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Bí wọn kò bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, olùkọ́ á lọ́ tìkọ̀, tàbí kí Alhaji di ọwọ́ mú nítorí ó rò pé wọ́n fojú di òun.

Kí olùkọ́ sọ ọ́ nílẹ̀, ní Yorùbá, lójú méjèèjì: "Alhaji, bàbá mi lẹ jẹ́. Tá a bá ti wọ inú ẹ̀, tí mo bá sọ pé 'I have control', ẹ ju ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ dá mi lóhùn pé 'You have control'. Èmi náà á tún un sọ. Kì í ṣe àfojúdi, òun ló máa gbé wa délé." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni gbólóhùn náà ń lọ tó ń bọ̀, nígbà gbogbo, kí ó má bàa sí ìgbà tí ẹni méjì jọ di ìdarí mú tàbí tí kò sẹ́ni tó dì í mú. Ẹ fi dánra wò nínú bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tan, bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá.

Òdì kejì rẹ̀ ló léwu jù. Ọmọ ogún ọdún tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í já àgbà nírọ́. Bí olùkọ́ àgbà bá gbàgbé láti wo epo, ọmọ náà lè rí i kó sì dákẹ́. Ẹ sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́, pé kò sí ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ epo, ojú ọjọ́ àti ojú ọ̀nà ìbalẹ̀. Kí olùkọ́ máa ṣe àṣìṣe kékeré kan lójú rẹ̀ nígbà àyẹ̀wò ilẹ̀, kó wò ó bóyá á sọ̀rọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí ìdí kan náà, ẹ má béèrè pé, "Ó yé ẹ?" "Ó yé mi, sà" ni ìdáhùn, ó yé e o, kò yé e o. Ẹ ní, "Ṣàlàyé ẹ̀ fún mi." Ẹ sì jẹ́ kó fi Yorùbá ṣàlàyé bó bá wù ú. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ bàálù kò gba èdè wa, wọ́n ṣìnà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ orí rédíò, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ dé ìpele 4 ti ICAO nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òye kò mọ èdè. Ẹ wo "stall". Ẹni tó ń wa mọ́tò gbọ́ ọ pé ẹ́ńjìnnì kú. Nínú bàálù, ẹ́ńjìnnì lè máa ké tantan: apá ló kọ̀ láti gbé bàálù, nítorí pé wọ́n ti gbé e dojú kọ afẹ́fẹ́ ju bíi dígírì 15 sí 16 lọ. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ rẹ imú rẹ̀ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí èyí kò yé á máa wá ẹ́ńjìnnì tí kò kú.

Kí olùkọ́ má jágbe sínú headset. Ohùn tó le máa ń di etí ni. Bàálù kékeré há, ejìká máa ń kan ejìká. Kí olùkọ́ sọ ọ́ kó tó na ọwọ́ kọjá: "Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn yín," "Mo fẹ́ fa bẹ́líìtì yẹn." Òfin kan náà fún ọkùnrin àti obìnrin. Olùkọ́ tó bá ń pe akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin lálẹ́ lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀kọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kíá, kí ẹ tó máa wádìí.

Ìgbésẹ̀ keje: lẹ́yìn ìfò

Ìṣẹ́jú 20, nínú yàrá, kì í ṣe lórí ọ̀nà sí mọ́tò. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohun kan tó lọ dáadáa, ohun kan tí wọ́n máa tún ṣe, ohun tó máa kà kí ó tó padà wá. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, rìsíìtì jáde pẹ̀lú nọ́ńbà Hobbs lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bàálù fúnra rẹ̀

Gíláàsì iwájú bàálù kékeré jẹ́ oríṣi ike, kì í ṣe dígí. Omi púpọ̀ àti aṣọ òwú rírọ̀, láti òkè wá sílẹ̀, láì yí i po. Omi ìnudígí tó ní amóníà á mú kó sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹni tó bá wá balẹ̀ tí oòrùn kọjú sí i kò ní rí nǹkan kan. Ẹ máa nu ìrọ̀rí etí headset lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òógùn ẹlòmíì letí ẹni kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sanwó fún.

Àwọ̀ búlúù ni Avgas 100LL. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fa epo díẹ̀ wò fúnra rẹ̀ lójúkojú olùkọ́ kí wọ́n tó fò: omi máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ife, epo á léfòó sórí rẹ̀. Nígbà òjò, táǹkì tó wà ní ìdajì láti alẹ́ máa ń kó omi jọ. Bí Avgas bá wọ́n, ẹ má ronú petirólù ilé-epo àyàfi tí ìwé àṣẹ bá wà fún bàálù yẹn gan-an.

A máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní bíi wákàtí 50, àyẹ̀wò ńlá sì ń bọ̀ ní 100. Bí bàálù yín bá ń fò 60 wákàtí lóṣù, ẹ ti mọ ìgbà tó máa dúró. Nígbà tó bá ku wákàtí 15, ẹ sọ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ẹ sì fi ẹ̀kọ́ ilẹ̀ sí ọjọ́ wọ̀nyẹn. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lójijì, ẹ sọ orúkọ ohun tó bàjẹ́, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ retí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ tún pe akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ yẹn bí kò bá tilẹ̀ tíì dé. "Ó máa tó yá" ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ kó lọ. Kí ìwé àbùkù bàálù wà ní gbangba. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí nǹkan nígbà àyẹ̀wò tó sì kọ ọ́ síbẹ̀ ti ṣe ohun tó dáa, bí ìfò náà bá tilẹ̀ bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kó máa fò ó lọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: olùkọ́ tó ń lọ, ẹjọ́ tó ń bọ̀

Olùkọ́ máa lọ. Bí wákàtí rẹ̀ bá ti pọ̀ tó, ilé-iṣẹ́ bàálù ńlá á pè é. Ẹ má bínú sí i, ẹ múra sílẹ̀ dè é. Kí olùkọ́ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ jókòó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ fún ìṣẹ́jú 30, pẹ̀lú ìwé ẹ̀kọ́ níwájú wọn. Ìfò àkọ́kọ́ tí olùkọ́ tuntun fi fẹ́ mọ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ilé-ẹ̀kọ́ ni kó san owó olùkọ́ rẹ̀. Ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń sanwó olùkọ́: ẹni tí ẹ ń sanwó fún lórí ìfò nìkan kò ní fẹ́ kọ́ni nílẹ̀, á sì máa fa wákàtí gùn. Ẹ sanwó ẹ̀kọ́ ilẹ̀ fún un pẹ̀lú.

Ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́: kí ẹnì kan tí kì í ṣe olùkọ́ rẹ̀ gbà á, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó dá a lóhùn láàárín wákàtí 24 pé ó ti dé ọwọ́ òun, kí ìpinnu jáde láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ìròyìn lórí ewu ní àpótí ọ̀tọ̀, orúkọ kì í ṣe dandan, a kì í sì í fìyà jẹ ẹni tó mú un wá. Ìwé ìlera, páàsípọ́ọ̀tù àti àwọn nọ́ńbà wọn kò gbọ́dọ̀ máa káàkiri lórí WhatsApp olùkọ́. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 kan ilé-ẹ̀kọ́ kékeré náà. Bó bá jẹ́ òbí tàbí ẹ̀gbọ́n ló ń sanwó, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ti dàgbà, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ tó máa fi ìròyìn ìfò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Iye owó tó kù ni òbí lè máa rí lóṣooṣù láìsí ìyọlẹ́nu.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní òun ń lọ, bóyá ó bínú tàbí kò bínú, ẹ ka wákàtí tí kò lò, ẹ san án padà láàárín ọjọ́ 14, ẹ sì fún un ní ẹ̀dà gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kó lè máa bá a lọ níbòmíì. Ẹ má di ìwé mú nítorí ìjà.

Ẹni tó bá yege náà gba ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún un pé láísẹ́ńsì nìkan kò tó láti gbé èèyàn: ó gbọ́dọ̀ ti gbéra kó sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 90 ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ kọ ọjọ́ tí 90 rẹ̀ máa pé sínú kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì, ẹ pè é nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bi í léèrè àárọ̀ ọjọ́ wo ló fẹ́ wá.